Jíìpù Tí Wọ́n Rẹ̀ Sílẹ̀ Nítorí Màmá

Nígbà tí Rodel Macaraeg dé láti ibi iṣẹ́ òru ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ohun tó wù ú jù láyé ni kó wọ yàrá lọ, kó da aṣọ borí, kí ẹnikẹ́ni má sì pe orúkọ rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Aṣọ ọsibítù ni wọ́n ń fọ̀ níbi iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un pé iṣẹ́ ọ̀dọ́ ni. Àmọ́ Dindo àbúrò rẹ̀ ti wà níwájú ilé. Ó ti ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì sílẹ̀ gbayawu, ó ti to jáàkì méjì sílẹ̀, rédíò ti ń kọrin, páálí tí sípíríǹgì tuntun wà nínú rẹ̀ sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Rodel wo páálí náà bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ olọ́mọ lé lọ́wọ́. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó bu ìrẹsì àná àti ọbẹ̀ ẹran adobo tútù sínú abọ́, ó jẹ ẹ́ lóòró, ó wọ bàtà rẹ̀ padà, ó sì jáde.

Kí ẹnikẹ́ni tó máa rò pé àgbààyà méjì ló ń ṣe ṣekárími, ó yẹ kí a mọ ohun tó fà á. Ní ìlú Vallejo wa níbí, ọ̀dọ́ ló máa ń rẹ ọkọ̀ sílẹ̀, fáàrí ló sì ń fi ṣe. Ó fẹ́ kí ikùn ọkọ̀ òun fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀, kí àwọn ọmọbìnrin tó ń jáde láti ṣọ́ọ̀ṣì máa wò ó. Rodel àti Dindo ṣe tiwọn débi pé kò sẹ́ni tí kò mọ̀ wọ́n ní títì Sonoma. Nígbà náà, wọn kì í tilẹ̀ ra sípíríǹgì. Èyí tó bá ọkọ̀ wá gan-an ni wọ́n ń fi ayùn iná gé kúrú, ọkọ̀ á wá máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún lórí títì bí ọ̀pọ̀lọ́. Bàbá wọn, kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ, fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìsìn ju kó wọ ọkọ̀ wọn lọ. Ìyẹn ti di ọjọ́ pípẹ́. Orí Dindo ti pá báyìí, ó sì ti di bàbá ọmọ. Jíìpù tó wà níwájú wọn yìí, jíìpù àgbàlagbà ni, kò sí ọmọbìnrin tí yóò bojú wò ó. Nítorí Màmá ni wọ́n ṣe fẹ́ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Kíndìnrín Màmá Pacita ló daṣẹ́ sílẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, Rodel ní láti gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Màmá kò ga tẹ́lẹ̀, àìsàn sì ti wá sún un kì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ká jíìpù náà mọ́. Àpótí kékeré tí wọ́n fi ń ṣe àtẹ̀gùn fún un ti yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọpẹ́lọpẹ́ ilẹ̀kùn tó dì mú, láti ọjọ́ náà kò sì fẹ́ fojú kan àpótí mọ́. Ọkọ̀ kékeré tó rẹlẹ̀ kò bá a mu, nítorí bó bá jókòó wọ inú irú ẹ̀, dídìde á di ogun. Nítorí náà Rodel ni ó ń gbé e. Yóò ki ọwọ́ kan bọ abẹ́ apá rẹ̀, yóò ki èkejì bọ abẹ́ orúnkún rẹ̀, Màmá á di ojú rẹ̀ pinpin, ó di inú ọkọ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Àbámẹ́ta yìí, níbi tí Rodel ti ń gbé e sọ̀kalẹ̀ níwájú ilé ẹ̀rọ náà, yẹ̀rì rẹ̀ ká sókè dé itan lójú àwọn ọkùnrin tó ń mu sìgá lẹ́bàá ògiri. Kò sọ nǹkan kan níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ń jẹun alẹ́ ló tó sọ ọ́, kò sì gbé ojú sókè kúrò nínú abọ́ rẹ̀.

"Ẹ ti gbé mi mọ nìyẹn. Lọ́jọ́ tí mo bá lè fi ẹsẹ̀ ara mi wọ ọkọ̀ yẹn, màá lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ fi mí sílẹ̀ nílé."

Gbogbo ilé ló mọ ohun tí ìfisílẹ̀ yẹn túmọ̀ sí. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti kú, tí kò lọ sídìí ẹ̀rọ, kì í pẹ́ láyé. Rodel bẹ̀ ẹ́ títí ẹnu fi bó o. Màmá ń fi ṣíbí yọ egungun ẹja, ó ń jẹun rẹ̀ lọ. Orí kunkun ìyá yìí kì í ṣe ti òní, àmọ́ kò fi ṣe ohun tó le tó báyìí rí. Rodel wá pe Dindo lórí fóònù, ó ro gbogbo ẹ̀ fún un. Dindo, ẹni tó jẹ́ pé ọkọ̀ ni ìdáhùn rẹ̀ sí gbogbo ìṣòro ayé, ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ ká rẹ jíìpù yẹn sílẹ̀."

Bí wọ́n ṣe wá bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n gbé jíìpù náà sókè, wọ́n yọ táyà, Rodel sì dùbúlẹ̀ lórí páálí tó tẹ́ sílẹ̀. Ìpẹtà ti mú àwọn nọ́ọ̀tì débi pé epo kò ràn wọ́n. Sípánà yọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bó o lẹ́yìn ọwọ́, kò tilẹ̀ ní agbára tí yóò fi bú u. Dindo ló ń sọ̀rọ̀. Ó ń rántí ẹni tí wọ́n jọ sáré ní títì Sonoma, ẹni tí ọlọ́pàá mú, ẹni tó fẹ́ ọmọbìnrin tí gbogbo wọn ń lé. Rodel ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, kò sì gbọ́ ìdajì rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ibi tí sípíríǹgì ti wà lára ṣọ́ọ̀kì. Wọ́n ní láti fi irin fún sípíríǹgì àtijọ́ náà pọ̀ kí wọ́n tó lè tú u, bí ó bá sì já lójijì, ó lè gba àgbọ̀n èèyàn lọ. Dindo pa rédíò fún ìgbà díẹ̀. Àwọn méjèèjì ń yí irin náà díẹ̀díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì. Nígbà tí ó tú, wọ́n gbé èyí tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀. Pupa ni, ó sì kúrú ju ti àtijọ́ lọ gan-an. Dindo di ṣọ́ọ̀kì mú, ó tẹ ọ̀pá rẹ̀ wọlé, ó wò ó bí ó ṣe ń yọ jáde padà, ó fajú ro.

"Ṣọ́ọ̀kì yìí ló ń kọ mí lóminú, Bọ̀ọ̀dá. Èyí tó bá ọkọ̀ wá ni. Sípíríǹgì gígùn ni wọ́n ṣe é fún. Tá a bá fi kúkúrú sí i, iṣẹ́ á pọ̀ fún un ju agbára ẹ̀ lọ. Á tètè kú."

"Báwo ló ṣe máa pẹ́ tó?"

"Ọdún kan. Ó lè má tó bẹ́ẹ̀."

"Ọdún kan tó," ni Rodel wí.

Bó ti sọ ọ́ tán ló gbọ́ ohun tí ó sọ. Dindo náà gbọ́ ọ. Àwọn méjèèjì ló jọ wà nínú yàrá dókítà nígbà tí dókítà ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ nípa iye ìgbà tó kù fún Màmá, kò sì sí èyí tó mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà láti ìgbà yẹn. Rodel fẹ́ sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà wo ni èèyàn fẹ́ gbà sọ ọ́? Ó dùn ún dénú egungun. Dindo fa imú, ó tan rédíò rẹ̀ padà, ó ní kí Bọ̀ọ̀dá na irin fún òun.

Oòrùn ti kúrò ní àtàrí nígbà tí wọ́n parí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n fún gbogbo bóòtù le gírígírí, wọ́n dá táyà padà, wọ́n sọ jáàkì kalẹ̀. Wọ́n wá bọ́ sẹ́yìn láti wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Jíìpù náà wálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó wálẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó kúnlẹ̀, tó wá tẹ orúnkún díẹ̀ tó dúró.

Rodel lọ pe Màmá. Ó jáde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó wọ súwẹ́tà, ó ti kun àtíkè sójú bí ẹni tó ń lọ sóde. Dindo gba ọwọ́ Màmá, ó fi kan iwájú orí ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nílé wọn, ó béèrè àlàáfíà rẹ̀, ó sì ṣí ilẹ̀kùn fún un. Màmá kẹ́yìn sí ìjókòó, ó di ilẹ̀kùn mú, ó gbìyànjú láti gbé ìdí lé e. Ìdí rẹ̀ kan etí ìjókòó, ó yọ́ padà sílẹ̀. Ó tún un ṣe. Ó tún yọ́. Rodel na ọwọ́ láì rò ó, Màmá wo ọwọ́ náà, Rodel sì fà á padà.

"Ó kù díẹ̀," ni Màmá wí. Kò bínú, kò fajú ro. Ó yíjú padà sínú ilé.

Rodel jókòó sórí táyà àtijọ́ kan. Agara dá a débi pé ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ẹni tó ni ín. Ó bi Dindo pé ṣé bí sípíríǹgì tó rà ṣe mọ nìyí. Dindo ti nà sílẹ̀ gbalaja, ó ń wo abẹ́ jíìpù, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, ojú ń tì í.

"Àwa la ṣe é, Bọ̀ọ̀dá. A fún bóòtù nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣì wà lókè."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti yé ẹni tó bá ti wo abẹ́ ọkọ̀ rí. Apá irin ló mú ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́ ara rẹ̀, rọ́bà sì wà nínú ojú apá náà níbi tí bóòtù gbà kọjá. Bí ọkọ̀ bá wà lórí jáàkì, apá wọ̀nyí á rọ̀ sílẹ̀. Bí èèyàn bá fún bóòtù le nígbà náà, rọ́bà á gan mọ́ ìrọ̀sílẹ̀ yẹn. Bí ọkọ̀ bá wá balẹ̀, rọ́bà á máa bá a jà, á máa tì í padà sókè. Orí ilẹ̀ ló yẹ kí ọkọ̀ dúró, kó fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ lélẹ̀, kí wọ́n tó fún un. Nígbà èwe wọn, wọn kò bìkítà. Orí jáàkì ni wọ́n ti ń fún gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n á gun ọkọ̀, wọ́n á lọ. Sípíríǹgì tí wọ́n ti gé kúrú lágékúrú, ta ni yóò mọ̀ bóyá rọ́bà ń ti ọkọ̀ sókè tàbí kò tì í? Àṣà àtijọ́ yẹn náà ni ọwọ́ wọn tún ṣe lónìí láì bi orí wọn.

"Ṣé o ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni?" Rodel bi í.

"Wọ́n sọ fún mi rí. Mo gbàgbé. Bọ̀ọ̀dá, ìgbà wo la ti ṣe eléyìí gbẹ̀yìn?"

Bí ara Rodel bá le ni, ìjà ni ì bá dá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjà náà gba agbára. Wọ́n wá àwọn pákó tó nípọn jọ, wọ́n fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí àyè lè wà lábẹ́ rẹ̀, kí ìwúwo ọkọ̀ sì wà lórí táyà. Rodel yọ́ wọ abẹ́. Àyè náà há débi pé kò lè yí orí. Ó tú bóòtù kìn-ín-ní, ó tú èkejì. Dindo tú ti ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sì ń retí kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ké sí òun. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Rodel ti sùn lọ lábẹ́ jíìpù, sípánà wà lórí àyà rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Dindo kò jí i lójú ẹsẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yọ síta, ó ń ṣọ́ ọ, àánú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ṣe é. Ilé tirẹ̀ jìnnà, òun kì í gbé Màmá lọ síbì kankan. Ìgbà tó pẹ́ díẹ̀ ló tó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá. Ọ̀gá mẹkáníìkì. Ṣé oṣù là ń san fún yín ni àbí ọjọ́?"

"Mi ò sùn," ni Rodel wí lábẹ́ ọkọ̀.

"Ẹ ò sùn. Ẹ kàn ń bá ọkọ̀ gbàdúrà."

Nígbà tí wọ́n tú bóòtù tó gbẹ̀yìn, jíìpù náà kérora, ó sì rọ̀ wálẹ̀ wọ̀ọ̀ bí ìgbà tí àgbàlagbà bá rí àga. Wọ́n fún gbogbo rẹ̀ le padà níbẹ̀, wọ́n fa pákó yọ. Màmá jáde lẹ́ẹ̀kejì, àtíkè rẹ̀ ṣì wà lójú rẹ̀. Ó kẹ́yìn sí ìjókòó, ó gbé ìdí lé e, ìdí náà sì dúró. Ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ó gbé èkejì. Dindo pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. Màmá jókòó síbẹ̀, ó ń wo iwájú. Ó ní iṣẹ́ náà dára, ó kí wọn kú iṣẹ́, ó sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ. Rodel rí i pé inú rẹ̀ kò dùn tó bí ó ṣe yẹ kó dùn. Ó gbà pé ó ti rẹ Màmá náà ni.

Ní ọjọ́ Ajé, Màmá wọ jíìpù, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ọkọ̀ náà kò tù wọ́n lára. Ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ ń jà, kò sì borí. Gbogbo ibi tí títì ti gbó ni wọ́n ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, nígbà tí wọ́n sì kọjá lórí irin rélùwéè, Màmá di okùn tó wà lókè orí rẹ̀ mú, ó pòṣé. Rodel tọrọ àforíjì. Ó ní òun á máa rọra wà á. Màmá ní ara òun kì í ṣe ẹyin.

Wọ́n dé iwájú ilé ẹ̀rọ. Rodel pa ọkọ̀, ó yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì bọ́ sẹ́yìn bí wọ́n ṣe jọ ṣe àdéhùn. Màmá kò mira.

"Rodel."

"Màmá."

"Mi ò rò pé ẹ lè rẹ ọkọ̀ yìí sílẹ̀ o."

"A ṣáà ti ṣe é, Màmá."

"Kì í ṣe ohun tí mò ń sọ nìyẹn." Ó ń fi ìka nu eruku tí kò sí lórí itan rẹ̀. "Mo sọ̀rọ̀ yẹn torí mo rò pé kò ṣeé ṣe. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi mí sílẹ̀ nílé. Ẹnu mi ni kò gbà á kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo wá fi ọkọ̀ ṣe àwáwí. Ẹ̀yin náà wá lọ tún ọkọ̀ ṣe."

Rodel fara ti ilẹ̀kùn. Gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta padà wá sí ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èjìká, ẹ̀yìn, ibi tí sípánà ti bó. Ó wá ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀, kò rí i.

"Ẹ̀rọ yẹn ni àbí gbígbé tí mò ń gbé yín?"

"Àtẹ̀rọ, àti gbígbé. Ṣé o rántí ilé àwọn arúgbó tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Napa? Èmi náà gbé àwọn ìyá oníyàá títí egungun mi fi yẹ̀. Mo mọ ohun tó máa ń wà lọ́kàn ẹni tó ń gbéni. Mo rò ó rí."

"Kí lẹ rò?"

"Pé ìgbà wo ló máa tán."

Bí ẹlòmíràn bá wà níbẹ̀, Rodel ì bá purọ́. Ó wo ìyá rẹ̀, tó kéré lórí ìjókòó náà bí ọmọ ilé ìwé, kò sì lè purọ́ fún un.

"Èmi náà ti rò ó, Màmá. Ó ń rẹ̀ mí. Ó ń rẹ̀ mí gan-an ni. Àmọ́ ẹ ò sú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa méjèèjì pọ̀."

Màmá mi orí. Kò bínú. Ojú rẹ̀ tilẹ̀ tú ká díẹ̀, bí ti ẹni tí wọ́n bá gbé ẹrù kan kúrò lára rẹ̀.

Rodel pa ilẹ̀kùn Màmá dé, ó padà sí àyè rẹ̀, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, ó sì tan ọkọ̀. Ó ní ṣé kí àwọn máa lọ sílé. Màmá yíjú sí i.

"O ò ní bẹ̀ mí?"

"Mi ò ní bẹ̀ yín mọ́. Ibi tẹ́ ẹ bá ní ká lọ la máa lọ."

Òótọ́ ló ń sọ, ìyẹn ló sì já a láyà. Níwájú wọn, àwọn nọ́ọ̀sì ń ti bàbá kan lórí kẹ̀kẹ́ wọlé, bùláńkẹ́ẹ̀tì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Màmá ń wò wọ́n títí ilẹ̀kùn fi pa dé lẹ́yìn wọn. Ọkọ̀ ń dún lábẹ́ wọn, Rodel kò gbé e lọ síwájú, kò gbé e padà sẹ́yìn.

"Pa á," ni Màmá wí.

"Màmá?"

"Pa iná ọkọ̀, ọmọ mi. Tòní ni mò ń sọ o. Tí ọjọ́ míì bá dé, màá sọ tiẹ̀ fún ẹ lójú ẹ. Mi ò ní fi ọkọ̀ parọ́ mọ́."

Ó ṣí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ kan wá ilẹ̀, ó kàn án, ó fi èkejì tì í, ó mú ọ̀pá rẹ̀. Ó rìn lọ díẹ̀díẹ̀, kò wo ẹ̀yìn. Nọ́ọ̀sì kan sáré jáde láti dì í mú, Màmá sì fi ọ̀pá júwe fún un pé kó máa lọ níwájú. Rodel jókòó sínú jíìpù, ó gbé orí lé ọwọ́ ọkọ̀, ó sì sunkún tó ti ń pa mọ́ra láti ìgbà tí dókítà ti sọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tó sun ún tán, oorun gbé e lọ.

Ní Ọjọ́rú, ó dé láti ibi iṣẹ́, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Kò mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ bó ṣe máa ń ṣe. Ó kan ilẹ̀kùn yàrá Màmá, ó béèrè bóyá wọn yóò lọ lónìí, ó sì dúró gbọ́.